Mọ́ínmọ́ín Tí Àlàájà Gbé Kúrò Lórí Tábìlì

Ẹsẹ̀ ìyá bàbá mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi. Lóṣù tó kọjá, nígbà tí Aunty Bọ́lá, àbúrò bàbá mi, àti àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wẹ̀ wọ́n tán, tí wọ́n ní kí n wọlé wá dágbére, ẹsẹ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ wò. Mo dúró, mo ń retí. Mo mọ̀ pé ìwà wèrè ni, àmọ́ mo ń retí kí ọmọ ìka kan mì. Kò mì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ti rí ẹsẹ̀ yẹn kó dúró bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, màá sọ ọ́ tí mo bá débẹ̀.

Gbogbo Peckham ló ń pè wọ́n ní Àlàájà. Màmá ni èmi ń pè wọ́n. Wọn kì í jẹun ní ìjókòó, wọn kì í gba fóònù ní ìjókòó. Irun wákàtí márààrún nìkan ló ń mú wọn fi orúnkún kanlẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní Elephant and Castle, shift ìdájí, kí àwọn tó ni ọ́fíìsì tó jí. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣì ń jí ní ìdájí. Wọ́n á gbá ilé wọn, wọ́n á jáde lọ gbá àtẹ̀gùn estate tí ilé wọn wà, èyí tí council ń sanwó fún ọkùnrin kan pé kó máa gbá. Ọkùnrin náà bínú, ó ní ṣé wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́ ni. Wọ́n ní iṣẹ́ wo? Ṣé èyí tí kò ṣe yẹn? Ìjà yẹn tó ọdún méjì. Nígbà tí mo ní kí wọ́n fi ọkùnrin ọlọ́kùnrin sílẹ̀, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Àbẹ̀ní, ẹni tó bá jókòó ti iṣẹ́, iṣẹ́ á jókòó tì í."

Ẹ má retí kí n sọ pé ọdún báyìí ni wọ́n bí wọn, ọdún báyìí ni wọ́n dé London. Mi ò mọ̀ ọ́n. Àwọn gan-an ò mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọjọ́ orí méjì ni wọ́n ní, ti pásípọ́ọ̀tù àti ti òótọ́, wọ́n sì ń lo èyí tó bá bá ọ̀rọ̀ mu. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àga inú pálọ̀ wọn kì í sùn síbi tó jí sí. Tí mo bá ti ilé wa ní Sydenham wá lọ́jọ́ Sátidé, àga gígùn á wà lábẹ́ fèrèsé. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Daddy mi fẹsẹ̀ kọ ọ́ títí ó fi sú u.

Inú wọn náà ò jókòó. Ìjà kì í tán nínú Màmá. Èyí tó sì pẹ́ jù lọ nínú ìjà wọn, orí tíì ló dá lé.

Kí n ṣàlàyé. Júù ni ìyá mi. Torí náà Júù ni èmi náà, mo sì tún jẹ́ Àbẹ̀ní ọmọ Yorùbá, n kò sì rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa ń ní kí n mú ọ̀kan. Ìyá tó bí ìyá mi, Grandma Ruth, kò wá síbi ìgbéyàwó àwọn òbí mi. Nígbà tí wọ́n bí mi, wọ́n wá. Ilé Màmá ní Peckham ni wọ́n ti sọ mí lórúkọ. Màmá ti dáná láti àná. Grandma Ruth wọlé, wọ́n jókòó sétí àga, wọn ò bọ́ kóòtù. Màmá gbé oúnjẹ fún wọn, wọ́n ní ebi ò pa àwọn. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, wọ́n ṣí báàgì, wọ́n yọ fúláàsì jáde, wọ́n da tíì tiwọn mu.

Yéè! Ọdún kì í yípo kí n má gbọ́ ìtàn yìí. Màmá á máa rìn yí pálọ̀ ká bí wọ́n bá ń sọ ọ́. "Ó gbé tíì tiẹ̀ wá sílé mi! Tíì! Ṣé májèlé wà nínú omi mi ni?" Mummy mi á ṣàlàyé pé ìyá òun kì í jẹun níbi tí kò bá ti dá wọn lójú, pé òfin ẹ̀sìn ni. Màmá á ní àwa náà ní òfin, òfin ò ní ká má bọ́ kóòtù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá dúró níwájú mi, wọ́n á na ìka sókè. "Yóò jẹ lọ́wọ́ mi. Kí n tó kú, obìnrin yẹn yóò jẹ lọ́wọ́ mi." Wọn ò rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá ń sọ ọ́.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìlá, Daddy lọ sọ fún wọn pé lọ́dún tó ń bọ̀ mo máa ṣe bat mitzvah. Ó ní ọmọbìnrin Júù tó bá tó ọdún mẹ́tàlá, ó ti tó ẹni tó lè dúró fún ara rẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Ó máa kọ́ èdè Hébérù, ó máa ka Tórà síwájú gbogbo ìjọ nínú sínágọ́gù, lẹ́yìn náà ni wọ́n á jẹ, wọ́n á mu. Kò tíì sọ ọ́ tán tí Màmá ti wà lórí ìrìn.

"Wòlímọ̀ ni!"

"Màámi, kì í ṣe wòlímọ̀ o. Àwọn Júù ni mo—"

"Ọmọ kọ́ ìwé Ọlọ́hun. Ó dúró síwájú ìjọ, ó kà á, wọ́n jẹun. Kí ni wòlímọ̀ tún jẹ́?"

Èmi ò mọ̀ nígbà náà ìdí tí ojú Màmá fi ń dán bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan tí wọ́n ń dirun fún mi ni wọ́n wá sọ ọ́. Nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, ó ku díẹ̀ kí wọ́n parí kéwú nílé-kéwú ni wọ́n yọ wọ́n kúrò pé kí wọ́n wá máa tọ́jú àwọn àbúrò. Wọn ò ṣe wòlímọ̀ láé. Wọ́n fa irun mi le díẹ̀. "Wọ́n ti rán aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀. Àbúrò mi ló wọ̀ ọ́."

Mummy mi fẹ́ ṣe nǹkan kékeré nílé wa, kẹ́ẹ̀kì àti tíì. Màmá ní kẹ́ẹ̀kì bí i ti báwo? Ọmọ ka ìwé Ọlọ́hun tán, ẹ fún èèyàn ní kẹ́ẹ̀kì? Kí ọ̀rọ̀ náà tó tutù, wọ́n ti gba hall kékeré tó wà nísàlẹ̀ estate wọn. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa kàwé. Sọ́ńdè ni àpèjẹ. Àpò lẹ́tà council kò ní ẹ̀yìn mọ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ àlejò àti iye ẹ̀wà sí. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń yí ètò tábìlì padà. Ẹnì kan ṣoṣo ni ipò rẹ̀ kò yí padà lórí gbogbo àpò lẹ́tà yẹn: Grandma Ruth, tábìlì iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnì.

Màmá wá gbé fóònù, wọ́n pe obìnrin tí wọn ò bá sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ láti ọdún méjìlá. Wọ́n ní kí ó ka gbogbo òfin náà fún àwọn. Mo wà níbẹ̀. Grandma Ruth kọ́kọ́ dárúkọ ẹlẹ́dẹ̀.

"Àna mi, àwa náà ò jẹ ẹ́. Ẹ wá òmíràn sọ."

Ẹran tí kì í ṣe àwọn Júù ló pa á, wọn ò lè jẹ ẹ́. Màmá ní ó dáa, kò ní sí ẹran rárá. Mo rí i pé ó dùn wọ́n wọ eegun. Àpèjẹ láìsí ẹran! Wọ́n ní àwọn ọ̀rẹ́ wọn tó wà ní Stockwell á fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi parí. Lẹ́yìn náà ni Grandma Ruth ní ohunkóhun tó bá ti inú omi wá gbọ́dọ̀ ní lẹbẹ, kó sì ní ìpẹ́. Torí náà, kò sí akàn. Kò sí edé.

Màmá gbé fóònù kúrò létí, wọ́n wò ó, wọ́n gbé e padà. "Edé lílọ̀ ńkọ́? Ìbá ṣe díẹ̀ báyìí?" Kò sí edé.

Ìpè yẹn ló ṣílẹ̀kùn. Lójoojúmọ́ ni wọ́n wá ń pe Grandma Ruth láàárọ̀ kùtù, nígbà tí obìnrin olóbìnrin kò tíì wọ bàtà. "Àna mi, ẹ má bínú. Ìgbín ńkọ́?"

Grandma Ruth ní: "Ẹ̀yin ń jẹ ìgbín?"

"Ẹ̀yin kì í jẹ ẹ́?"

Àwọn méjèèjì ṣàánú ara wọn, wọ́n gbé fóònù sílẹ̀.

Gbogbo ọjà Rye Lane mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Màmá mú mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ta ẹja, wọ́n fi ọwọ́ ti ẹja àrọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan torí pé kò ní ìpẹ́, wọ́n gbé ẹja mìíràn nírù, wọ́n gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ọkùnrin náà ní òun ti bá wọn hó ìpẹ́ rẹ̀. Ó rò pé oore ni òun ṣe. Wọ́n dá a padà sórí yìnyín. "Ẹja tó bá ti bọ́ra kó tó rí mi, mi ò rà á."

Ti mọ́ínmọ́ín ló wá le jù. Wọ́n ti sọ ọ́ kiri pé mọ́ínmọ́ín ewé ni Grandma Ruth máa jẹ, òun ló sì jẹ́ oúnjẹ tí ọwọ́ wọn mọ̀ jù láyé. Wọ́n fi sẹ́lótéèpù di ẹnu ìgò edé, wọ́n gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ní ó wà lẹ́wọ̀n. Wọ́n wá ń dán an wò láìsí edé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sè é, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tọ́ ọ wò. Ó dà bí àdúrà tí èèyàn ò ṣe àmín sí. Mo ní kò burú. Wọ́n kó abọ́ kúrò níwájú mi. "Mi ò bi ọ́ bóyá ó burú."

Sátidé pé. Mo kàwé. Màmá ò jókòó rárá. Ẹ̀yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ni wọ́n dúró sí pẹ̀lú ìborùn funfun wọn. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, gbogbo sínágọ́gù pa lọ́lọ́, ni mo bá gbọ́ ohùn kan tó ta láti ẹ̀yìn: "Máṣá Alláhù!" Ilẹ̀ ìbá lanu kó gbé mi mì. Ṣùgbọ́n Grandma Ruth yíjú padà, wọ́n wo ẹni tó pariwo, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Mi ò rí kí wọ́n rẹ́rìn-ín sí Màmá rí.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a wà ní kíṣìnì hall náà. Mọ́ínmọ́ín tó ọgọ́rùn-ún wà nínú ewé, èéfín ń rú lára rẹ̀. Àwọn àlejò ti ń wọlé, Aunty Bọ́lá sì ti ń gbé e sórí tábìlì. Ebi ń pa mí. Mo tú ọ̀kan, mo bù ú jẹ.

"Màmá, èyí dùn gan-an! Ó ju ti ọjọ́ yẹn lọ fíìfíì. Ó wá dà bíi tẹ́lẹ̀."

Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ wọn dúró.

Wọ́n bù díẹ̀ lára tèmi, wọ́n fi sẹ́nu, wọn ò jẹ ẹ́ mì. Ẹni tó bá dàgbà nílé Yorùbá ní London mọ̀ pé abọ́ áísíkiriìmù tó wà nínú fíríìsà, kò sí áísíkiriìmù níbẹ̀. Ata lílọ̀ ló wà níbẹ̀. Ata Màmá sì rèé, edé ni wọ́n máa ń lọ̀ mọ́ ọn kó lè yá lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kánjú. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ata tútù tí wọ́n lọ̀ kò tó. Wọ́n ń kánjú. Ọwọ́ wọn ṣí fíríìsà, ó mú abọ́, ó dà á sínú ẹ̀wà, orí wọn ò bá a lọ. Edé tó wà lẹ́wọ̀n lórí kọ́bọ́ọ̀dù kò kúrò níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló gba ẹ̀yìn wọlé.

Aunty Bọ́lá ti ilẹ̀kùn kíṣìnì. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Ó ti lọ̀ kúnná. Ta ló máa rí i? Wọn ò jẹ edé rí láyé wọn, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ adùn ẹ̀?"

Mi ò ní purọ́ mọ́ òkú: mo rí i lójú Màmá pé ó ṣe wọ́n bíi kí wọ́n gbà. Ọdún mẹ́tàlá. Obìnrin tó gbé fúláàsì wá ti wà lórí àga ní tábìlì iwájú, ó ti fa abọ́ mọ́ra. Kò ku nǹkan kan mọ́ ju kí wọ́n dákẹ́ lọ.

"Bọ́lá," ni wọ́n wí, "tí mo bá tàn án jẹ ẹ́, a jẹ́ pé kì í ṣe ọwọ́ mi ló ti jẹun."

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Grandma Ruth ti tú ewé, síbí ti wà lọ́wọ́ wọn. Màmá na ọwọ́, wọ́n fi bo abọ́ náà. Gbogbo hall gbọ́ wọn.

"Àna mi, ẹ má jẹ ẹ́. Edé wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo fi sí i. Mo gbàgbé ni, àmọ́ èmi ni."

Daddy ní ìrẹsì wà. Màmá ní rárá, ẹnikẹ́ni tí kì í jẹ edé kò gbọdọ̀ jẹ nǹkan kan tí àwọn sè lọ́jọ́ yẹn, àwọn ò fọkàn tán ọwọ́ ara àwọn mọ́. Wọ́n kó mọ́ínmọ́ín kúrò lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan fúnra wọn. Àwọn ará Peckham ń kùn, wọ́n ní kí wọ́n ṣá fi tàwọn sílẹ̀. Aunty Bọ́lá padà dì í fún wọn nínú nylon. Kẹ́ẹ̀kì tí Mummy ṣì gbé wá ló gbà wá là. Èmi ń sunkún nídìí tábìlì, inú ń bí mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, mo rò pé Màmá ti ba ọjọ́ mi jẹ́.

Ni Grandma Ruth bá dìde. Wọ́n bọ́ kóòtù wọn, wọ́n fi kọ́ ẹ̀yìn àga, wọ́n gba inú kíṣìnì lọ. Mo tẹ̀ lé wọn. Màmá ń fọ ìkòkò kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Kí ló wà níbí tí edé ò lè wọ̀?" ni Grandma Ruth bi wọ́n.

Màmá wò yíká. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, àti ẹ̀pà sísun nínú ìgò. Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n tún un fọ̀. Wọ́n bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, wọ́n da ẹ̀pà sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n nà á síwájú. Grandma Ruth jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, wọ́n ṣa ẹ̀pà jẹ láti àtẹ́lẹwọ́ yẹn, ní ìdúró, títí tó fi tán.

"Ó dùn."

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ lásán ni, àna mi."

"Mo mọ̀."

Màmá tẹ̀ sí wọn létí, wọ́n sọ nǹkan kan tí mi ò gbọ́. Mo bi wọ́n lẹ́yìn náà, wọ́n ní ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Láti ìgbà náà, Grandma Ruth ń wá sí Peckham lóṣooṣù. Wọ́n á bọ́ kóòtù lẹ́nu ọ̀nà, ó di kíṣìnì. Wọ́n á jẹun, wọ́n á jà: lórí fèrèsé, lórí bí tíì ṣe gbọ́dọ̀ pọ́n tó, lórí ọkọ tí mi ò tíì fẹ́. Àárín àsìkò yẹn náà ni oúnjẹ Màmá yí padà. Mọ́ínmọ́ín ò dùn mọ́, ẹ̀fọ́ ò dùn mọ́. A kùn, a kùn, ó sú wa. Aunty Bọ́lá ní dókítà ló fún wọn lófin. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la fi gbà bẹ́ẹ̀.

Màmá lọ lóṣù tó kọjá. Grandma Ruth wà ní itẹ́ òkú lọ́jọ́ tí a sin wọ́n, wọ́n dúró gbọnyin, omijé ò bọ́ lójú wọn. Lọ́jọ́ kẹjọ, a ṣe fídáù nílé Màmá. Àwọn àáfà ń ṣàdúrà ní pálọ̀. Aunty Bọ́lá ti dáná, ó ní lónìí, kí Ọlọ́hun forí jin Màámi, a máa jẹ mọ́ínmọ́ín gidi. Grandma Ruth dé pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Wọ́n bọ́ kóòtù lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n lọ jókòó sí kíṣìnì níbi tí wọ́n máa ń jókòó sí. Ẹnì kan gbé mọ́ínmọ́ín síwájú wọn.

Ẹ gbọ́ o. Ibi gbogbo ni Grandma Ruth ti máa ń bèèrè: kí ló wà nínú rẹ̀, ta ló sè é, kí ni wọ́n fi sè é. Nílé Mummy mi pàápàá, ọmọ tí wọ́n bí nínú ara wọn, wọ́n á bèèrè. Lọ́jọ́ yẹn, wọn ò bèèrè nǹkan kan. Wọ́n mú síbí, wọ́n bù ú, ó ti dé ẹnu.

"Grandma, ẹ má jẹ ẹ́! Edé wà nínú rẹ̀!"

Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mo sọ. "Nínú ilé yìí?"

"Aunty Bọ́lá ló sè é."

Wọ́n rọra gbé síbí náà lélẹ̀. Aunty Bọ́lá wà lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ ti bo ẹnu.

"Ọjọ́ tí mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn," ni Grandma Ruth wí, "ó ní, 'Láti òní lọ, àna mi, ẹ ò ní bèèrè nílé mi mọ́ láé.' Mi ò sì bèèrè mọ́." Wọ́n ti abọ́ náà sẹ́yìn. "Wọ́n sin ín lójú mi, mi ò gbà. Ó ti lọ lóòótọ́."

Dókítà kọ́ ló lé edé kúrò nínú ìkòkò Màmá láti ọdún wọ̀nyí. Grandma Ruth bú sẹ́kún. Aunty Bọ́lá náà bú sẹ́kún. Èmi ò lè jókòó. Mo dìde, mo fọ bílẹ́ńdà lẹ́ẹ̀mẹta, mo da ẹ̀wà tuntun sínú omi.

"Grandma, ẹ dúró," ni mo wí. "Ó máa pẹ́ díẹ̀, àmọ́ ẹ dúró."